Update ilé-iṣẹ́ lórí fóònù tí a ti rúùtù: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ti rúùtù Android wọn (ìyẹn ni pé wọ́n ti gba àṣẹ pátápátá lórí fóònù náà, kọjá èyí tí ilé-iṣẹ́ fún wọn) ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí jù, àti àwọn tó ra tokunbọ̀ tí ẹlòmíì ti tú wò kó tó kàn wọ́n. Pixel ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, torí pé Google máa ń gbé gbogbo fáìlì rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí awo nínú ọ̀nà rẹ̀. Mo fọwọ́ kan Samsung, Xiaomi àti iPhone níbi tó bá yẹ.

Fóònù mi ń yọ mí lẹ́nu pé update ti dé. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀ ná. Update náà kò burú, ẹ sì máa nílò rẹ̀. Ohun tó ń fa wàhálà ni kí fóònù fúnra rẹ̀ gbé e wọlé lóru nígbà tí ẹ ń sùn. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè kọ̀ lẹ́yìn tó ti jẹ dátà yín tán. Ó lè wọlé kí rúùtù sì pòórá. Nígbà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀, fóònù ò ní tàn mọ́. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ System, ẹ wọ Developer options, kí ẹ pa Automatic system updates. Lórí Samsung, inú Software update ni ẹ ti máa pa Auto download over Wi-Fi. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ̀yin ni ẹ ó máa dá ọjọ́ fún update.

Ẹ̀gbọ́n mi fi Pixel ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ti fọwọ́ kàn án?

Ẹ pa á, ẹ tún tàn án, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ọn kí àmì Google tó jáde. Bí ojú dúdú kan bá kọ́kọ́ yọ tí àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ ọsàn wà lórí rẹ̀, tó ń sọ pé bootloader (ètò tó kọ́kọ́ ń tan fóònù, tó sì ń yẹ sọ́fítíwíà rẹ̀ wò) ti ṣí, ẹnì kan ti ṣí i nìyẹn. Bí àmì náà bá jẹ́ yẹ́lò, bootloader wà ní títì, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀, irú GrapheneOS. Pupa ni kí ẹ sá fún. Fóònù ti yẹ ara rẹ̀ wò, ohun tó bá níbẹ̀ kò sì bá àkọsílẹ̀ mu.

Kí bootloader ṣí yàtọ̀ sí kí fóònù ní rúùtù. Ẹ wò ó bóyá áàpù Magisk tàbí KernelSU, tí wọ́n fi ń rúùtù, wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Magisk lè fi orúkọ àti àmì mìíràn bojú. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó rúùtù fóònù kan, ẹ má fi áàpù báńkì kankan sí i títí ẹ ó fi fi sọ́fítíwíà ilé-iṣẹ́ tó mọ́ nù ún látòkè délẹ̀. Ẹni tó ní rúùtù lórí fóònù lè fi ohunkóhun síbẹ̀ kó tó tà á.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà tó dé yìí: bí ó bá jẹ́ Pixel tí Verizon tà ni, bootloader rẹ̀ kì í ṣí. Fóònù náà dára láti lò, àmọ́ ẹ má rà á bó bá jẹ́ torí rúùtù lẹ ṣe ń wá Pixel.

Kí ló dé gan-an tí update fi ń kọ̀ lára fóònù tí a rúùtù?

Láti Android 5.0 ní 2014, update kékeré tó ń gba orí afẹ́fẹ́ wá kò gbé gbogbo sọ́fítíwíà wá mọ́. Ìyàtọ̀ àárín ti àná àti ti òní nìkan ló ń gbé wá, ó sì ń fi í sórí ibi ìpamọ́ ní ègé-ègé. Ó dà bí àbùlẹ̀ tí télọ̀ ti gé sí ìwọ̀n ihò kan pàtó láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: bí ẹ bá ti fi ọwọ́ ara yín gé ihò náà fẹ̀ sí i, àbùlẹ̀ yẹn kò ní bá a mu. Kí update tó kọ ohunkóhun, ó máa ń ṣírò ègé tó fẹ́ tún ṣe, kó sì fi iye tó rí wé èyí tí wọ́n kọ fún un. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, á dúró.

Nígbà kan, àwọn tó ń rúùtù máa ń kọ fáìlì tààrà sínú system (apá tí sọ́fítíwíà ilé-iṣẹ́ wà), ìdí nìyẹn tí update fi ń kọ̀ pátápátá nígbà náà. Magisk, tí John Wu gbé jáde ní 2016, kì í fọwọ́ kan system. Inú apá tí wọ́n ń pè ní boot ló ń gbé. Lórí Pixel 7 àtàwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, init_boot ni. Nítorí náà, bí ẹ bá dá apá kan ṣoṣo yẹn padà sí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é, update kò ní rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lára fóònù yín, àyàfi bí nǹkan mìíràn bá ti ba ibòmíì jẹ́.

Update ńlá tó gbé gbogbo sọ́fítíwíà wá ní odindi kì í bìkítà nípa ohun tó bá níbẹ̀. Ńṣe ló ń kọ tirẹ̀ lé e lórí. Òun ni mo fẹ́ràn.

Slot A àti slot B tí wọ́n máa ń sọ, kí ni wọ́n?

Láti Android 7.0 ní 2016 ni Pixel ti ní ẹ̀dà méjì àwọn apá tó ń gbé sọ́fítíwíà. Ẹ ń lo ọ̀kan, update ń wọ inú ìkejì lábẹ́lẹ̀, ẹ wá pa fóònù kí ẹ tún tàn án, ó sì bọ́ sí ti tuntun. Bí ti tuntun bá gbìyànjú láti tàn tí kò lè tàn, bootloader á dá a padà sí ti àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí Pixel fi ṣòro pa ju fóònù ayé àtijọ́ lọ.

Àwọn tó jáde pẹ̀lú Android 11 sókè sábà máa ń lo irú èyí tí kò gba ààyè púpọ̀. Lórí àwọn wọ̀nyẹn, bí ti tuntun bá ti tàn dáadáa, yóò gbé ti àtijọ́ mì. Kò sí àbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Báwo gan-an lẹ ṣe ń ṣe é?

Mo máa kọ́kọ́ pa gbogbo module (àwọn àfikún kéékèèké) tó wà nínú Magisk. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun ló sì ń dá wọn lóró lẹ́yìn: module tí wọ́n kọ fún Android ọdún tó kọjá lè má bá ti ọdún yìí rẹ́.

Mo máa wá gba update ńlá náà láti ojú ewé Google fún irú Pixel náà gan-an. Ẹ yẹ orúkọ rẹ̀ wò dáadáa, torí Pixel 7, 7 Pro àti 7a kì í pín fáìlì. Ó lè ju 2GB lọ. Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà ní kí ẹ tún gba factory image (odindi sọ́fítíwíà ilé-iṣẹ́ tí a ń fi kọ̀ǹpútà gbé wọlé) lẹ́yìn rẹ̀ nítorí init_boot, ìyẹn 2GB mìíràn. Pẹ̀lú iye tí dátà jẹ́ lónìí, ẹ má dán an wò. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ payload-dumper-go tó lè yọ init_boot.img jáde láti inú update tí ẹ ti gbà yẹn.

Ẹ gbé init_boot.img náà sórí fóònù nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí Pixel yín bá jẹ́ 6 tàbí tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, boot.img ni ẹ máa mú. Ẹ ṣí Magisk, ẹ tẹ Install, ẹ yan Select and Patch a File. Á gbé fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú magisk_patched sínú Download. Ẹ dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ké orúkọ rẹ̀ kúrú sí magisk_patched.img. Ẹ rí i pé bátìrì fóònù kún dáadáa àti pé laptop yín lè dúró fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ máa fi adb àti fastboot, irinṣẹ́ Google tí a fi ń pàṣẹ fún fóònù, tẹ àwọn àṣẹ yìí:

adb reboot recovery

Róbọ́ọ̀tì kan á sùn sílẹ̀ lójú fóònù, wọ́n á kọ "No command" sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ẹ di bọ́tìnnì ìtanná mú, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìgbóhùn-sókè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ á yọ. Ẹ yan Apply update from ADB, kí ẹ wá tẹ èyí lórí kọ̀ǹpútà (ota.zip dúró fún orúkọ fáìlì update tí ẹ gbà):

adb sideload ota.zip

Nígbà tó bá parí, ẹ jẹ́ kí fóònù tàn láìsí rúùtù. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ pe ènìyàn kan, ẹ yẹ kámẹ́rà wò. Àwọn kan máa ń sáré fi rúùtù sí i kó tó tàn rárá, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá bàjẹ́ nígbà náà, ẹ kò ní mọ̀ bóyá update ló ṣe é tàbí Magisk. Bó bá ti dára, ẹ parí rẹ̀:

adb reboot bootloader
fastboot flash init_boot magisk_patched.img
fastboot reboot

Bó bá jẹ́ Pixel àtijọ́ ni, ẹ fi boot sí ipò init_boot nínú àṣẹ kejì. Ẹ tan module padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kọ̀ǹpútà mi dúró sí 47%, ó wá kọ "failed to read command: Success". Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Rárá o. Ojú fóònù ni kí ẹ wò. Kọ̀ǹpútà máa ń ṣi ìṣirò rẹ̀ ṣe nínú sideload (fífi update sí fóònù láti orí kọ̀ǹpútà), ó sì lè dúró sí 47% nígbà tí iṣẹ́ ti parí. "Failed" àti "Success" nínú ìlà kan náà, ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló mọ ohun tó ń rò. Bí fóònù bá ti sọ pé òun fi sí i tán, ó ti tán.

Magisk ní "Install to Inactive Slot". Ṣé kò lè gbà mí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà?

Ó lè gbà yín, dátà díẹ̀ ló sì máa jẹ. Ẹ wọ Magisk, ẹ tẹ Uninstall, ẹ yan Restore Images, kí ẹ má sì pa fóònù. Ẹ lọ gba update nínú Settings bí ẹni tí kò rúùtù. Nígbà tó bá ní kí ẹ tún fóònù tàn, ẹ kọ etí dídi sí i. Ẹ padà sínú Magisk, ẹ tẹ Install, ẹ yan Install to Inactive Slot (After OTA), kí ẹ wá jẹ́ kí Magisk fúnra rẹ̀ tún fóònù tàn.

Bí Magisk bá sọ fún yín pé "Stock backup does not exist!", kò ní boot ìpilẹ̀ṣẹ̀ kankan nípamọ́ tó lè dá padà. Èyí wọ́pọ̀ lára fóònù tí ẹlòmíì bá yín rúùtù pẹ̀lú fáìlì tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kọ̀ǹpútà ló kù nìyẹn. Ní tèmi, mi ò ní gba ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà nítòsí nímọ̀ràn pé kó rúùtù rárá, torí ọjọ́ tí nǹkan bá yí, kọ̀ǹpútà náà ni gbogbo ọ̀nà àbáyọ ń béèrè.

Lẹ́yìn update, fóònù kàn ń tàn tó ń kú, kò wọlé.

Ẹ má nu dátà nù. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń sáré ṣe nìyẹn, òun ló sì yẹ kó gbẹ̀yìn.

Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ fi rúùtù padà ló bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ bootloader kí ẹ fi init_boot.img tí Magisk kò fọwọ́ kàn padà, èyí tó bá build (ẹ̀yà sọ́fítíwíà) tuntun náà mu. Rúùtù á lọ, fọ́tò yín á wà, fóònù á tàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fà á ni pé ẹ fi init_boot ti oṣù tó kọjá sórí sọ́fítíwíà ti oṣù yìí. Nọ́ńbà build tó wà nínú Settings gbọ́dọ̀ bá ti fáìlì mu lẹ́tà sí lẹ́tà.

Bí build bá bára mu tó ṣì ń kú, module ni ẹ máa fura sí. Bí ó bá ṣe ń tàn, ẹ di bọ́tìnnì ìrẹ̀-ohùn-sílẹ̀ mú títí yóò fi wọ safe mode. Magisk á pa gbogbo module fúnra rẹ̀, ẹ wá tún fóònù tàn bí ti tẹ́lẹ̀. Bí USB debugging bá ti wà ní títàn tẹ́lẹ̀, èyí náà lè ṣiṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà:

adb wait-for-device shell magisk --remove-modules

Ṣé update á pa fọ́tò àti WhatsApp mi rẹ́?

Sideload kì í pa wọ́n rẹ́. Factory image ni kí ẹ ṣọ́ra fún: nínú fáìlì flash-all tó bá a wá, "-w" wà níbẹ̀, òun ló ń nu gbogbo nǹkan nù. Ẹ fi Notepad ṣí i, ẹ yọ -w náà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ẹ ṣe backup.

Update tuntun yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣé mo lè padà sí ti àtijọ́?

Nígbà mìíràn ẹ lè padà, pẹ̀lú pípàdánù dátà. Nígbà mìíràn, ẹ ò gbọ́dọ̀ dán an wò. Nígbà tí Android 13 jáde ní August 2022, Google fi ìdènà sínú bootloader Pixel 6, 6 Pro àti 6a tí kò jẹ́ kí wọ́n lè padà sí Android 12. Ewu tó fara sin níbẹ̀ ni slot kejì: ẹni tó fi Android 13 sí slot kan ṣì ní Android 12 nínú ìkejì, bí fóònù bá sì ṣubú padà síbẹ̀, ó lè kú pátápátá. Google fúnra rẹ̀ ló gba àwọn tó ń fi ọwọ́ fi sọ́fítíwíà sí i nímọ̀ràn pé kí wọ́n sideload update ńlá kan sí i lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bá ti tàn, kí ìkejì lè kúrò ní Android 12.

Xiaomi náà ní irú ìdènà yìí. Ní 2018, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ dá Redmi Note 5 Pro padà sẹ́yìn ló pa fóònù wọn báyìí. Ẹ ka ìkìlọ̀ fún irú fóònù yín kí ẹ tó yí padà.

Samsung ńkọ́?

Samsung kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti fi sọ́fítíwíà tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i, fíúsì kan nínú fóònù á jó, Knox, ètò ààbò Samsung, á kọ 0x1, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà sí 0x0, ìbáà jẹ́ ní Ìkẹjà ìbáà jẹ́ ní Seoul. Secure Folder ti lọ nìyẹn, sísan owó pẹ̀lú áàpù Samsung náà sì ti lọ. Update orí afẹ́fẹ́ á máa sọ fún yín pé wọ́n ti yí sọ́fítíwíà fóònù padà lọ́nà tí wọn kò fọwọ́ sí.

Odin, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé sọ́fítíwíà sórí Samsung láti orí kọ̀ǹpútà, ló kù. Ẹ gba sọ́fítíwíà tuntun tó bá nọ́ńbà irú fóònù yín mu, ẹ fún Magisk ní fáìlì AP odindi tó wà nínú rẹ̀ kó ṣiṣẹ́ lé e lórí, ẹ wá fi BL, AP tuntun yẹn, CP àti HOME_CSC sínú Odin. HOME_CSC ni o. CSC lásán á nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù nù.

TWRP (recovery, ìyẹn ibi àtúnṣe fóònù, tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́) ló wà lórí fóònù àtijọ́ mi.

Update orí afẹ́fẹ́ kò ní wọlé láti inú TWRP lọ́pọ̀ ìgbà. Á kọ error 7 tàbí irú rẹ̀. Ẹ fi recovery ilé-iṣẹ́ padà ná.

LineageOS (Android tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ fóònù) ni mo ń lò. Ṣé èyí kàn mí?

Díẹ̀ ni. Update ilé-iṣẹ́ kò ní wá bá yín mọ́. Ti LineageOS fúnra rẹ̀ ló ń wá nípasẹ̀ Updater rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi Magisk lé e lórí, ọ̀rọ̀ build tó gbọ́dọ̀ bára mu ṣì kàn yín.

Áàpù báńkì mi kọ̀ láti ṣí lẹ́yìn update, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣí tẹ́lẹ̀.

Google ti pa SafetyNet, ètò tí áàpù fi ń yẹ fóònù wò, tì, Play Integrity ló gbapò rẹ̀. Ó ń yẹ fóònù wò ní ìpele mẹ́ta, ìpele tó le jù nínú rẹ̀ sì máa ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹ̀rọ inú fóònù fúnra rẹ̀ pé bootloader wà ní títì. Láti 2025, lórí Android 13 sókè, ìpele yẹn tún ń béèrè pé kí fóònù ti gba update ààbò láàárín ọdún kan. Fóònù tí a kò rúùtù rárá lè já níbẹ̀ bó bá ti pẹ́ láìgba update.

Oríṣiríṣi module ló wà tí ń fi rúùtù pamọ́ fún áàpù báńkì. Èyí tó ṣiṣẹ́ lónìí lè má ṣiṣẹ́ lọ́la, ẹni tó kọ ọ́ kò sì jẹ ẹ́ yín ní gbèsè kankan. Ẹ fi báńkì sórí fóònù mìíràn tí a kò tú wò, ì báà jẹ́ kékeré olówó pọ́ọ́kú.

Mo fẹ́ tì bootloader padà kí ojú ìkìlọ̀ aláwọ̀ ọsàn yẹn lè lọ.

Ẹ má tì í nígbà tí rúùtù ṣì wà níbẹ̀. Bootloader tó wà ní títì kì í gba boot tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, fóònù ò sì ní tàn. Ẹ kọ́kọ́ fi factory image odindi padà, kí ẹ rí i pé ó tàn, kí ẹ fi OEM unlocking (ohun tó wà nínú Developer options tó ń jẹ́ kí bootloader lè ṣí) sílẹ̀ ní títàn, kí ẹ tó wá tì í. Títì náà á nu gbogbo dátà nù, gẹ́gẹ́ bí ṣíṣí ṣe ṣe.

Bí n kò bá gba update kankan mọ́ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ò fara mọ́ ọn. Ní 2015, àwọn olùwádìí tú Stagefright fó, àbùkù kan tó jẹ́ kí MMS lásán lè ráyè wọ fóònù Android. Ní August ọdún náà ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe ààbò jáde lóṣooṣù. Fóònù tí a rúùtù nílò wọn ju ti ẹlòmíì lọ, torí ilẹ̀kùn kan ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ ṣe é lóṣù-lóṣù. Ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ó tó.

iPhone tí wọ́n ti jailbreak (irú rúùtù ti iPhone) ńkọ́?

Update á pa jailbreak rẹ́, ẹ kò sì ní lè padà sẹ́yìn bí Apple bá ti dáwọ́ fífọwọ́ sí iOS ti àtijọ́ dúró. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ lo kọ̀ǹpútà.

Mo fẹ́ gbé e lọ fún ẹni tó ń fláàṣì fóònù ní Computer Village. Kí ni kí n bi í?

Ẹ bi í níbo ni yóò ti rí fáìlì boot. Bó bá ní láti ojú ewé ilé-iṣẹ́ tàbí láti inú update náà gan-an, ẹ jókòó tì í. Bó bá ní ẹnì kan fi í ránṣẹ́ sí òun lórí Telegram, ẹ gba fóònù yín. Kó tó fọwọ́ kàn án, ẹ ya fọ́tò ojú ewé About phone níbi tí nọ́ńbà build wà. Bó bá parí, ẹ ya òmíràn, kí ẹ sì ní kó fún yín ní ẹ̀dà init_boot tí kò tíì rúùtù lórí flash drive. Òun lẹ máa nílò lọ́jọ́ tí fóònù bá kọ̀ láti tàn tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní títì.